Orísun Fóltéèjì Tàbí Orísun Kọ́rẹ́ǹtì? Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Wọn Mọ̀ Kí Ẹ Tó So Wáyà

Ìbéèrè méjì kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Àkọ́kọ́: "Ṣájà mi àtijọ́ jẹ́ 2 A, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jẹ́ 5 A, ṣé kò ní jó fóònù mi?" Èkejì: "Driver iná LED (àpótí kékeré tó ń fún un ní iná) tó wà lókè àjà yàrá mi ti kú, ṣé mo lè fi adáptọ̀ 12 V tó wà nílé rọ́pò rẹ̀?"

Sí ti àkọ́kọ́, kò séwu, bí fóltéèjì wọn bá ṣáà ti dọ́gba. Sí ti èkejì, rárá. Ohun kan náà ló wà nídìí ìdáhùn méjèèjì: oríṣi orísun iná méjì ló wà, ohun tó sì ń ba ọ̀kan jẹ́ ni ààbò fún èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jó nǹkan, tàbí kí nǹkan jó òun fúnra rẹ̀.

## Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀

Orísun fóltéèjì di fóltéèjì rẹ̀ mú. Lóòdù (ohun tó ń lo iná) tí ẹ bá so mọ́ ọn ló ń pinnu iye kọ́rẹ́ǹtì tí yóò fà. Bátìrì, jẹnẹrétọ̀, ínfátà, ihò iná ara ògiri àti ṣájà fóònù wà níbí. Ṣájà 5 A kì í ti 5 A wọ inú fóònù; ohun tí fóònù bá bèèrè ló ń fún un, 5 A sì ni òpin agbára rẹ̀.

Orísun kọ́rẹ́ǹtì di kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ mú. Fóltéèjì ló ń gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ títí kọ́rẹ́ǹtì yẹn yóò fi gba inú lóòdù kọjá. Driver iná LED, páńẹ́lì sólà tó wà nínú oòrùn, àti ẹ̀rọ CT tí wọ́n fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì ńlá wà níbí.

Òfin méjì ló ti ibẹ̀ jáde:

- Ẹ má ṣe ṣọ́ọ̀tì orísun fóltéèjì, ìyẹn ni pé kí ẹ má so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ tààrà. Bátìrì ínfátà 12 V 200 Ah lè tú kọ́rẹ́ǹtì tó ju 1,000 A jáde bí sípánà bá bọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago onírin kí ẹ tó sún mọ́ ọn.
- Ẹ má ṣe fi ẹnu orísun kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ lófo nígbà tí iná wà lára rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá mọ ibi tí fóltéèjì rẹ̀ ń dúró. Fóltéèjì yóò máa gòkè láti wá ọ̀nà fún kọ́rẹ́ǹtì tí kò rí ibi gbà.

Kò sí orísun kankan tó pé pérépéré. Gbogbo wọn ló ní ìdènà (resistance, tí a ń fi ohm wọ̀n) nínú. Bí ìdènà inú bá kéré gan-an sí ti lóòdù, ẹ pè é ní orísun fóltéèjì. Bí ó bá tóbi gan-an ju ti lóòdù lọ, orísun kọ́rẹ́ǹtì ni.

## Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

1. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. INPUT kọ́ ni a ń wá.
2. Bí fóltéèjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, bíi "DC 12V 5A", orísun fóltéèjì ni. 5 A yẹn ni òpin.
3. Bí fóltéèjì bá jẹ́ láti ibi kan dé ibi kan, tí kọ́rẹ́ǹtì sì jẹ́ ẹyọ kan, bíi "DC 36–65V 300mA", orísun kọ́rẹ́ǹtì ni. 300 mA ni yóò máa ti jáde ní gbogbo ìgbà.
4. Ṣájà USB-C tó kọ 5V, 9V, 15V, 20V ṣì jẹ́ orísun fóltéèjì. Òun àti fóònù ló jọ ń fẹnu kò lórí èyí tí wọn yóò lò; bí wọn kò bá tíì sọ̀rọ̀ pọ̀, orí 5 V ló ń dúró sí.
5. Ẹ̀rọ iná orí tábìlì tó ní gílóòbù CV àti CC jẹ́ méjèèjì. Tí CV bá tàn, fóltéèjì ló dì mú. Tí lóòdù bá fẹ́ gbà ju iye tí ẹ ti dá lé e lọ, CC yóò tàn, yóò sì di orísun kọ́rẹ́ǹtì. Bí ẹ ṣe lè dá iye yẹn lé e: ẹ sọ fóltéèjì kalẹ̀ sí nǹkan bí 3 V, ẹ yí bọ́tìnnì kọ́rẹ́ǹtì sílẹ̀ pátápátá, ẹ so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ wá yí kọ́rẹ́ǹtì sókè títí yóò fi dé ibi tí ẹ fẹ́. Èyí nìkan ni orísun tó ń di fóltéèjì mú tí ẹ lè ṣọ́ọ̀tì láìbẹ̀rù.

Bátìrì lithium náà ń lo ìwà méjèèjì yìí bí ó bá ń gba iná: ṣájà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ di kọ́rẹ́ǹtì mú títí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò fi dé 4.2 V, lẹ́yìn náà yóò di 4.2 V yẹn mú títí kọ́rẹ́ǹtì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. (Ti lithium iron phosphate, tó pọ̀ nínú ínfátà tuntun, 3.65 V ni òpin tirẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ṣájà wọn fún ara wọn.)

## Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ driver LED tó kú

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀.

Ìkìlọ̀: ọ̀pọ̀ driver olówó pọ́ọ́kú kò ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára iná ògiri. Wáyà DC tó jáde láti inú wọn lè gbé yín bí wáyà NEPA gan-an.

1. Ẹ pa iná láti orí breaker, kì í ṣe láti orí switch ara ògiri nìkan. Ẹ dúró ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí iná inú kapásítọ̀ (ẹ̀yà inú driver tó ń tọ́jú iná pa mọ́) tán.
2. Ẹ kọ kọ́rẹ́ǹtì OUTPUT ti àtijọ́ sílẹ̀, àti ibi tí fóltéèjì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí.
3. Ẹ ra èyí tí kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Tó bá dín díẹ̀, iná yóò kàn rọlẹ̀ díẹ̀, yóò sì pẹ́ láyé. Tó bá ju ti àtijọ́ lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.
4. Ẹ rí i pé fóltéèjì tí LED nílò bọ́ sáàárín ti driver tuntun. Iná 18 W tó ń lo 300 mA nílò nǹkan bí 60 V (18 ÷ 0.3). Ẹ wo bí adáptọ̀ 12 V ṣe jìnnà sí i: LED náà kò ní tàn rárá.
5. Ẹ kọ́kọ́ so LED mọ́ driver, pọ́sítífù sí pọ́sítífù, nẹ́gẹ́tífù sí nẹ́gẹ́tífù. Ẹ̀yìn èyí nìkan ni kí ẹ tan iná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á tan driver lófo láti "wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́", fóltéèjì rẹ̀ á ti gòkè dé òpin, wọ́n á wá fi wáyà LED kàn án. Gbogbo iná tó ti kó jọ sínú kapásítọ̀ á dà sínú LED lẹ́ẹ̀kan náà, LED á sì kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ní driver tuntun ni kò dáa.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà: kí ẹ má ṣe fi driver 300 mA tan LED gbọọrọ 12 V tó máa ń wà ní ìká. Bí ẹ bá gé e kù díẹ̀, tí èyí tó kù kò nílò ju 100 mA lọ, driver yóò gbé fóltéèjì sókè láti ti 300 mA kọjá tipátipá, yóò sì jó o.

Kí ẹ tó tan breaker padà, ẹ wò ó bóyá:

- [ ] kọ́rẹ́ǹtì tuntun kò ju ti àtijọ́ lọ
- [ ] fóltéèjì LED bọ́ sáàárín
- [ ] pọ́sítífù àti nẹ́gẹ́tífù kò yí padà
- [ ] kò sí wáyà tó hó ara sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti so pọ̀

## Bí ẹ ṣe lè wọn ìdènà inú bátìrì

Fóltéèjì nìkan kò lè sọ fún yín bóyá bátìrì dára. Bátìrì tó ti kú lè fi 12.6 V hàn lójú mítà, kó sì ṣubú lulẹ̀ bí lóòdù bá kàn án. Ìdènà inú ni òótọ́ wà.

Ẹ ó nílò mítà, rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dènà kọ́rẹ́ǹtì) 100 ohm tó lè gba 2 W, àti bátìrì 9 V kan.

1. Ẹ gbé mítà sí DC V. Ẹ wọn bátìrì láìsí lóòdù. Ẹ jẹ́ kí a ní ó fi 9.2 V hàn.
2. Ẹ so rẹsísítọ̀ mọ́ ẹnu bátìrì méjèèjì, ẹ wọn fóltéèjì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a ní 9.0 V ni.
3. Ẹ tú rẹsísítọ̀ kúrò kíá. Ó ń gbóná.
4. Kọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 9.0 ÷ 100 = 0.09 A. Fóltéèjì tó sọnù jẹ́ 0.2 V. Ìdènà inú jẹ́ 0.2 ÷ 0.09, ìyẹn nǹkan bí 2.2 ohm.

Rẹsísítọ̀ kékeré ¼ W yóò jó níbí, nítorí 0.81 W ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Fún bátìrì mọ́tò, ẹ lo gílóòbù iná iwájú mọ́tò, 12 V 55 W, gẹ́gẹ́ bíi lóòdù. Yóò fa ju 4 A lọ díẹ̀. Bátìrì tó lera kò ní fi nǹkan púpọ̀ sílẹ̀, bíi 0.05 V sí 0.1 V. Èyí tó bá ti 12.6 V já sí 9.6 V ti ní ìdènà tó tó 0.75 ohm nínú. Kò lè yí ẹ̀ńjìnnì mọ́, bó ti wù kí ẹ fi ṣájà sí i tó.

Àṣìṣe tó léwu jù: kí ẹ gbé mítà sí A, kí ẹ sì fi kan bátìrì tààrà láti "wo iye ampere tó ní". Mítà tó wà lórí A kò yàtọ̀ sí wáyà lásán, ṣọ́ọ̀tì ni ẹ ṣe yẹn. Ihò 10 A ti ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú kò ní fíúsì rárá. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀, UNFUSED. Ẹ má sì dán an wò lórí iná ògiri. Ní Nàìjíríà, 230 V 50 Hz ni iná ògiri, ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí rẹ̀ ń dé nǹkan bí 325 V.

## Síso orísun pọ̀

Fóltéèjì lẹ́yìn ara wọn (series): fóltéèjì yóò ro pọ̀ mọ́ra. Bátìrì 12 V méjì yóò di 24 V, Ah kò sì yí padà. Ẹ má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́. Èyí tó kéré agbára yóò kọ́kọ́ tán, èyí tó kù yóò sì máa ti kọ́rẹ́ǹtì gba inú rẹ̀ lódì.

Fóltéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (parallel): ó gbọ́dọ̀ dọ́gba kí ẹ tó so ó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 12.7 V, tí èkejì jẹ́ 11.9 V, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní 0.01 ohm nínú, 0.8 ÷ 0.02 yóò fún yín ní 40 A tí yóò máa sáré láti inú ọ̀kan sínú èkejì láìsí lóòdù kankan. Ẹ fi ṣájà gba àwọn méjèèjì kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, ẹ wọn wọ́n, kí ẹ tó so wọ́n.

Kọ́rẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kọ́rẹ́ǹtì yóò ro pọ̀, kò sí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí páńẹ́lì sólà fi ń gbà á.

Kọ́rẹ́ǹtì lẹ́yìn ara wọn: iye wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí òjìji igi bá bọ́ sórí páńẹ́lì kan nínú mẹ́rin tí a so lẹ́yìn ara wọn, òun ni yóò fa kọ́rẹ́ǹtì gbogbo wọn sẹ́yìn, àyàfi bí bypass diode inú rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń fún kọ́rẹ́ǹtì ní ọ̀nà àbùjá) bá gbé e fò.

## Páńẹ́lì sólà: ẹ lè ṣọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ṣáá

Páńẹ́lì 100 W tí wọ́n ń tà fún bátìrì 12 V sábà máa ń fi nǹkan bí 22 V hàn lófo, 6 A nígbà tí a bá ṣọ́ọ̀tì rẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù ní nǹkan bí 18 V àti 5.6 A. Láti 0 V títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 18 V, kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kò yí padà púpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń já wálẹ̀.

1. Ẹ fi aṣọ nípọn bo páńẹ́lì.
2. Ẹ gbé mítà sí 10 A DC, wáyà pupa nínú ihò 10 A.
3. Ẹ so ó mọ́ páńẹ́lì, ẹ ká aṣọ kúrò, ẹ kà á kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé.
4. Ẹ tún bò ó kí ẹ tó tú wáyà. Bí ẹ bá tú u nínú oòrùn, iná yóò ta pàrà láàárín wáyà, DC kì í sì í tètè kú bí AC.

Páńẹ́lì 550 W ń tú nǹkan bí 13 A sí 14 A jáde. Yóò jó ihò 10 A. Fún irú rẹ̀, ẹ lo mítà tí ń gbá wáyà mú láti ìta, èyí tó lè ka DC.

Ìwà kọ́rẹ́ǹtì yìí náà ló fà á tí kọntírólà PWM (irú èyí tó ń so páńẹ́lì mọ́ bátìrì tààrà) fi ń fi agbára ṣòfò: bátìrì tó wà ní 13 V yóò fa páńẹ́lì 100 W yẹn sílẹ̀ sí 13 V, 6 A ni yóò sì tú jáde síbẹ̀. 78 W ni ẹ rí. MPPT, kọntírólà tó ń wá ibi tí agbára páńẹ́lì ti pọ̀ jù, ni yóò jẹ́ kó dúró sí 18 V rẹ̀.

## Ẹ fi LM317 ṣe orísun kọ́rẹ́ǹtì fúnra yín

Ẹ wá LM317T kan (ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń di 1.25 V mú láàárín ẹsẹ̀ OUT àti ADJ rẹ̀), rẹsísítọ̀, adáptọ̀ 12 V, irin tí ń gba ooru, àti LED funfun 1 W kan (nǹkan bí 3.2 V, 350 mA).

1. Ẹ pín 1.25 sí kọ́rẹ́ǹtì tí ẹ fẹ́. Fún 20 mA, 62 ohm. Fún 100 mA, 12 ohm. Fún 350 mA, 3.6 ohm, tí yóò fún yín ní 347 mA. Ẹ lo ti 1 W.
2. Ẹ kọjú ibi tí wọ́n kọ̀wé sí sí ara yín, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti òsì: ADJ, OUT, IN.
3. Pọ́sítífù 12 V sí IN. Rẹsísítọ̀ láàárín OUT àti ADJ. Pọ́sítífù lóòdù sí ADJ, nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ sí nẹ́gẹ́tífù adáptọ̀.
4. Ẹ má tíì so LED. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 ohm 5 W sípò rẹ̀, ẹ wọn fóltéèjì orí rẹ̀: ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 3.5 V. Ẹ fi òmíràn 10 ohm lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó di 5 ohm: 1.7 V. Fóltéèjì pín sí méjì, kọ́rẹ́ǹtì kò kúrò lójú kan. Ó ti ṣiṣẹ́.
5. Ẹ pa iná, ẹ wá so LED.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́:

- Bí ẹ bá gbé lóòdù sí OUT dípò ADJ, kò sí ohun tí yóò mú fóltéèjì dúró mọ́. LED á kú.
- Irin ẹ̀yìn LM317 jẹ́ OUT. Bí ó bá kan àpótí onírin tó jẹ́ nẹ́gẹ́tífù, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹ fi mica (bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá) sáàárín.
- LED mẹ́ta lẹ́yìn ara wọn lórí 12 V kò ṣeé ṣe. Wọ́n gba 9.6 V, rẹsísítọ̀ gba 1.25 V, ohun tó kù fún LM317 kò pé 1.2 V. Ó kéré tán, orísun gbọ́dọ̀ fi 3.5 V ju lóòdù lọ.
- LED kan ṣoṣo yóò mú kí LM317 jó nǹkan bí 2.6 W dànù bí ooru. Méjì yóò dín in kù sí 1.5 W. Méjì ni mo fẹ́ kí ẹ lò.

Bí ẹ kò bá rí LM317, tí LED náà kò sì ju 20 mA lọ, rẹsísítọ̀ 470 ohm kan lórí 12 V ti tó. Yóò fún yín ní nǹkan bí 19 mA.

## CT: èyí tó lè pààyàn

CT ni òrùka tí wáyà ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá níbi mítà ilé iṣẹ́ àti pátákó jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ẹnu rẹ̀ sábà máa ń tú 5 A tàbí 1 A jáde. Bí ẹ bá tú wáyà mítà kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì ṣì ń gba àárín rẹ̀ kọjá, fóltéèjì ẹnu rẹ̀ lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Ẹ pa iná ńlá kọ́kọ́. Bí kò bá ṣeé pa, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà ni kó so ẹnu CT méjèèjì pọ̀ kó tó tú mítà. Ẹ má sì fi fíúsì sójú wáyà CT láé. Ọjọ́ tí fíúsì bá já ni ẹnu rẹ̀ ṣí.

## Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò rẹ̀ lórí ìwé

Nínú àwòrán, òbìrí tó ní + àti − jẹ́ orísun fóltéèjì, òbìrí tó ní ọfà jẹ́ ti kọ́rẹ́ǹtì. Bí àwòrán bá jẹ́ dáyámọ́ńdì, ohun mìíràn nínú sákíìtì ló ń darí rẹ̀. Mẹ́rin ni irú èyí: fóltéèjì tí fóltéèjì ń darí (op-amp), kọ́rẹ́ǹtì tí fóltéèjì ń darí (MOSFET), kọ́rẹ́ǹtì tí kọ́rẹ́ǹtì ń darí (transistor BJT), àti fóltéèjì tí kọ́rẹ́ǹtì ń darí.

Láti yí ọ̀kan padà sí èkejì: 12 V tó ní 3 ohm lẹ́yìn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú 4 A (12 ÷ 3) tó ní 3 ohm kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi lóòdù 3 ohm dán an wò: 2 A ni yóò gba inú rẹ̀ nínú méjèèjì. Ọfà kọ́rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí pọ́sítífù wà; ibẹ̀ ni máàkì ti máa ń sọnù jù.

Bí ẹ bá fẹ́ wo iṣẹ́ orísun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀:

1. Ẹ fi wáyà lásán rọ́pò orísun fóltéèjì yòókù.
2. Ẹ yọ orísun kọ́rẹ́ǹtì yòókù kúrò, kí ẹ fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófo.
3. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó jẹ́ dáyámọ́ńdì. Kò lè kú, nítorí kò dá dúró.

Bí sákíìtì bá ní dáyámọ́ńdì, tí ẹ sì ń wá ìdènà inú rẹ̀, ríro rẹsísítọ̀ pọ̀ kò ní fún yín ní ìdáhùn. Ẹ pa àwọn orísun tó dá dúró, ẹ so orísun 1 A mọ́ ẹnu sákíìtì náà, ẹ ṣírò fóltéèjì tó jáde níbẹ̀. Iye volt yẹn ni iye ohm tí ẹ ń wá. Bí ó bá jáde pẹ̀lú àmì −, ẹ má pa á rẹ́. Dáyámọ́ńdì lè fún sákíìtì ní ìdènà tó kéré ju òdo lọ.